Pacific Sisters: Ta ni àwọn obìnrin tó ń fi aṣọ jà ní New Zealand, kí ló sì fa àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hana-Rawhiti Maipi-Clarke, tó jẹ́ pé òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn aṣòfin New Zealand, dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Ó fa ìwé àbádòfin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya, ó sì figbe haka bọnu, ìyẹn igbe òun ijó ìpèníjà àwọn Māori, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ New Zealand. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbè é, àwọn ará ìlú tó wá wòran lókè náà gbè é, olórí ilé sì ní kí ìjókòó dúró ná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fọ́nrán náà ti kárí ayé.

Látìgbà náà ni àwòrán àwọn ará Òkun Pàsífíìkì ti ń já lulẹ̀ lórí fóònù àwa náà lemọ́lemọ́. Obìnrin tó wọ ìyẹ́ ẹyẹ àti ìkarahun, tó fín ara, tó dúró bí ọba. Ẹnìkan á ní ará Hawaii ni. Ẹlòmíì á ní eégún ilẹ̀ wọn ni. Ẹlòmíì tún á ní oge lásán ni, wọ́n fẹ́ ká wò wọ́n. Nígbà tó sì jẹ́ pé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn kan náà, àwọn obìnrin Māori mẹ́rin ti gba Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà tó ń wáyé nílùú Venice ní Ítálì, ọ̀rọ̀ náà tún dàrú sí i: ṣé àwọn kan náà ni? Ṣé aṣọ ni wọ́n ń rán ni, àbí ijó ni wọ́n ń jó, àbí òṣèlú ni wọ́n ń ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé òun yóò kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà.

Ta ni wọ́n gan-an?

Pacific Sisters ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin láti Òkun Pàsífíìkì. Auckland, ìlú tó tóbi jù ní New Zealand, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn mẹ́ta tó pilẹ̀ rẹ̀ ni Selina Forsyth, tó jẹ́ ọmọ Samoa, àti Niwhai Tupaea pẹ̀lú Suzanne Tamaki, tí àwọn méjèèjì jẹ́ Māori. Kò pẹ́ tí Rosanna Raymond, ọmọ Samoa, fi dé; Ani O'Neill, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Cook Islands, náà dé; bẹ́ẹ̀ ni Lisa Reihana, ọmọ Māori, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà fa kalẹ̀ láti ṣojú fún un ní Venice lọ́dún 2017.

Wọn kì í ṣe iléeṣẹ́, wọn kò sì ní ọ̀gá tó ń sanwó oṣù. Ẹni tó ń rán aṣọ lọ́sàn-án ló ń jó nínú rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó ń kọrin ló ń lu ihò sí ìkarahun. Ayàwòrán wà níbẹ̀, olórin wà níbẹ̀, ọkùnrin náà wà níbẹ̀, títí kan àwọn tí Samoa ń pè ní fa'afafine, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé ìgbé ayé obìnrin. Nínú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé ijó alẹ́, sí gbọ̀ngàn àdúgbò, sí orí ìtàgé àfihàn aṣọ.

Ohun tó bí ẹgbẹ́ náà kò ṣòroó lóye. Nígbà náà, ẹni tó bá ṣí ìwé ìròyìn oge ní New Zealand yóò ṣòro fún un kó tó rí ẹni tó jọ wọ́n. Níbi tí wọ́n bá sì ti rí ara wọn, inú káàdì àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni: ọmọge aláwọ̀ dúdú tó fi òdòdó sétí, tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Láti ayé àwọn ayàwòrán Yúróòpù àkọ́kọ́ ni àwòrán yẹn ti wà, kò sì sí ohùn lẹ́nu obìnrin inú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Auckland yìí mú òdòdó yẹn kan náà, wọ́n mú ìhòòhò èjìká yẹn kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọjú sí ẹni tó ń wo wọ́n láìrẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, "fashion activists", kò fara sin: ajàjàgbara ni wọ́n, aṣọ sì ni ohun ìjà.

Báwo ni àwọn ọmọ erékùṣù ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Auckland?

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn wọ̀nyí gbà jẹ́ ọmọ New Zealand.

Àwọn Māori ni onílẹ̀. Tangata whenua ni wọ́n ń pe ara wọn, ìyẹn àwọn èèyàn ilẹ̀ náà. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn baba ńlá wọn tukọ̀ débẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni Aotearoa. Lọ́dún 1840 ni àwọn olóyè wọn fọwọ́ sí àdéhùn Waitangi pẹ̀lú Ọba Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n yọ̀ǹda kò bá ohun tó wà nínú ìwé ti Māori mu, àríyànjiyàn lórí ìyàtọ̀ yẹn kò sì tíì tán títí dòní. Àbádòfin tí Maipi-Clarke fà ya fẹ́ tún ìtumọ̀ àdéhùn náà kọ ni.

Àwọn ará Samoa, Tonga, Niue, Cook Islands àti Tokelau wá lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, pàápàá láti àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ New Zealand nílò ọwọ́, ìjọba sì ṣí ilẹ̀kùn. Láàárín ìgbà yẹn kan náà ni àwọn Māori ń ti ìgbèríko rọ́ wá sígboro. Àdúgbò kan náà ni wọ́n bára wọn, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn ọmọ wọn lọ. Ètò ìkànìyàn ọdún 2023 ka àwọn tó ní Māori làwọn sí 887,493, àwọn ará Pàsífíìkì sì jẹ́ 442,632, nínú àpapọ̀ tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí di èyí tí ọlọ́pàá ń gbá. Láti 1974 sí 1976, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de ń ya bo ilé àwọn ará Pàsífíìkì ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti wá ẹni tí ọjọ́ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá. "Dawn Raids" ni ìtàn ń pè é. Ìṣirò tó jáde lórí ọdún 1985 sí 1986 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá ni ará Pàsífíìkì, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Àwọn yòókù, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá, ń sùn wọra.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Jacinda Ardern tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà tọrọ àforíjì. Ọ̀nà tó gbà tọrọ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí à ń sọ yìí gan-an. Samoa ní ìṣe kan tí wọ́n ń pè ní ifoga: ẹni tó ṣẹ̀ yóò lọ síwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní ìdájí, yóò jókòó sílẹ̀, wọn yóò sì da ẹní híhun dáadáa bò ó láti orí délẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá gbà, òun ni yóò jáde wá ká ẹní náà kúrò. Nínú gbọ̀ngàn ìlú Auckland, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti da ẹní bo olórí ìjọba lórí, tí àwọn ará Pàsífíìkì sì wá ká a. Ẹní tí obìnrin fọwọ́ hun ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ náà?

Ní Samoa, Tonga, Fiji àti Cook Islands, aṣọ àtijọ́ kì í ṣe òwú. Igi kan wà tí wọ́n ń gbìn fún un. Wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a yọ èyí tó funfun nínú, wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a wá máa fi igi lù ú lórí ìtì títí yóò fi fẹ̀, tí yóò sì fẹ́lẹ́. Ìró ìlù náà ni ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè fi ń mọ̀ pé àwọn obìnrin ìlú ń ṣiṣẹ́. Siapo ni Samoa ń pè é, Tonga ní ngatu, Fiji ní masi. Orúkọ tí ayé mọ̀ jù ni tapa. Wọn a wá fi àwọ̀ ilẹ̀ àti ti igi ya ọnà sí i lára.

Nígbà tí àwọn baba ńlá Māori ń tukọ̀ bọ̀ wá sí Aotearoa, wọ́n gbé igi yẹn dání. Òtútù ilẹ̀ tuntun náà kò jẹ́ kó gbilẹ̀. Àwọn obìnrin wá yíjú sí ewéko kan tí wọ́n bá níbẹ̀, harakeke, tí ewé rẹ̀ gùn tó sì mú bí idà. Wọ́n rí i pé bí a bá fi ìkarahun họ ara ewé náà, okùn funfun múlọ́múlọ́ kan wà nínú rẹ̀. Okùn yẹn, muka, ni wọ́n fi hun aṣọ ìlékè àwọn ìjòyè. Òfin tó wà lórí gígé rẹ̀ kò tíì yí padà: ewé àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ọmọ, àwọn méjì tó fà á mọ́ra lápá ọ̀tún àti òsì ni òbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ọmọ, kò sì gbọdọ̀ gé òbí. Àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn òde nìkan ló ṣeé gé.

Nígbà tí àwọn òyìnbó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì dé, àwọn obìnrin Māori ń tú òwú pupa inú rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n sì ń hun ún mọ́ aṣọ ìjòyè. Lónìí, àwọn aṣọ yẹn wà nínú àpótí gíláàsì, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé wọn kì í ṣe ti ìṣẹ̀ǹbáyé.

Pacific Sisters ń ba ọ̀nà yẹn lọ. Rosanna Raymond mú aṣọ jíǹsì, kóòtù àti ṣòkòtò, ó fi tapa lẹ̀ ẹ́. Ohun tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni "21st Sentry Cyber Sister", tí wọ́n ṣe lọ́dún 1997 fún Te Papa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Wellington, tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1998. Odindi ìmúra ni, láti orí dé ẹsẹ̀: harakeke wà lára rẹ̀, ìkarahun wà, ìyẹ́ ẹyẹ wà. Téèpù fídíò náà wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n fà yọ nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì lò bí ẹni ń lo okùn harakeke. Dúdú ni, ó ń dán, ó ń mì bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbẹ́sẹ̀. Ó sì ní àwòrán àti ohùn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i.

Kí ni ìtumọ̀ kaitiaki, mana àti vā tí wọ́n máa ń dárúkọ?

Kaitiaki ni olùṣọ́, ẹni tàbí ohun tó ń dáàbò bo ilẹ̀, omi, ìdílé tàbí ìṣúra. Wọn kò pe Cyber Sister ní aṣọ. Kaitiaki ni wọ́n pè é, olùṣọ́ fún ọ̀rúndún tó ń bọ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "sentry" fi wà nínú orúkọ rẹ̀.

Mana jẹ́ iyì àti agbára tó wà lára èèyàn tàbí nǹkan, èyí tó ti ara àwọn tó ṣáájú wá. Ó sún mọ́ ohun tí à ń pè ní àṣẹ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mana wahine ni ti obìnrin.

Vā ló ṣòro jù. Ní Samoa àti Tonga, vā ni àlàfo tó wà láàárín èmi àti ìwọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàfo òfìfo: ohun tó so wá pọ̀ ni, tí a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú bí ẹni ń tọ́jú iná. Láàárín òkú àti alààyè pàápàá, vā wà. Raymond ní ọ̀nà kan tó ń gbà kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kéèyàn ta nǹkan jí, tí lẹ́tà V àti A inú rẹ̀ máa ń dá yọ gàgàrà: acti.VA.te. Ohun tó ń wí ni pé aṣọ tó wà lórí ìkọ́ ń sùn. Ara ẹni tó wọ̀ ọ́, orin, àti ojú àwọn tó ń wò ó, àwọn ló ń jí i.

Ṣé àṣà ni èyí, àbí àdàlù?

Èyí ni orí ìjà gan-an, kì í sì í ṣe láàárín dúdú àti funfun nìkan.

Àwọn kan wà nílé, àgbà àti ẹlẹ́sìn, tí ojú wọn kò gbà á. Láti ọdún 1830 tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ London ti gúnlẹ̀ sí Samoa ni ẹ̀sìn Kristẹni ti ta gbòǹgbò níbẹ̀, ó ti di ẹran ara. Obìnrin tó mọ́ lójú wọn ni èyí tó bo ara rẹ̀. Wọ́n ní kí ni ọmọ ìjọ ń ṣe níhòòhò orókùn lórí ìtàgé, tó ń pe orúkọ àwọn òrìṣà tí àwọn bàbá ti fi sílẹ̀? Èsì àwọn obìnrin náà ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní àṣà yẹn, aṣọ gígùn dé ọrùn ẹsẹ̀, inú ọkọ̀ míṣọ́nnárì ló ti sọ̀kalẹ̀. Èyí tí àwọn ń ṣe ló dàgbà jù.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọnà ara tapa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìlú ló ni ín, ìdílé ló ni ín. Bí a bá wá kó ti Samoa, ti Tonga àti ti Māori pọ̀ sára ẹnìkan ṣoṣo, ta la fi jọ? Ṣé kò ní di pé ayé yóò máa rí gbogbo erékùṣù bí ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí káàdì àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń ṣe? Àwọn Māori kan tún ní tiwọn lọ́tọ̀: onílẹ̀ ni àwọn, àlejò ni àwọn ará erékùṣù yòókù, ẹ̀tọ́ tí àwọn ń bèèrè lórí àdéhùn 1840 kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Bí a bá pe gbogbo wọn ní Pacific, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè sọnù sínú rẹ̀.

Àwọn Sisters kò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n dúró lé ni pé àwọn fúnra wọn ni àdàlù náà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Māori, tí bàbá rẹ̀ ti Samoa wá, tí wọ́n bí sí Auckland, tó ń gbọ́ hip-hop, abúlé wo ni kó múra bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ló ti wá?

Ẹni tó bá mọ adìrẹ yóò gbọ́ èdè yìí dáadáa. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń rẹ sínú aró, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti Manchester wá. Ọnà Olóba, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù, inú ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935 ló ti jáde. Kò sí ẹni tó sọ pé adìrẹ kì í ṣe tiwa nítorí ìyẹn.

Kí ló wà láàárín wọn àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé?

Lọ́dún 1984, àfihàn ńlá kan tí wọ́n pè ní Te Māori ṣí ní New York, nílé Metropolitan Museum. Ìdájí ni àwọn àgbà Māori fi orin àti àdúrà ṣílẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì dúró ti àwọn ìṣúra wọn. Ọjọ́ yẹn yí ọ̀nà tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé New Zealand ń gbà bá onílẹ̀ lò padà. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ́ àti òkúta, iṣẹ́ ọkùnrin, ló gba ibẹ̀ kan. Aṣọ híhun, iṣẹ́ obìnrin, kò rí àyè tó yẹ ẹ́, àwọn ahunṣọ kò sì gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí Te Papa gba Cyber Sister wọlé, ìṣẹ́gun ni. Wàhálà míràn ló wá bá a rìn. Bí nǹkan bá ti wọ ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin ibẹ̀ ni pé kí òógùn má kàn án, kí iná má pọ̀ lára rẹ̀, kí kòkòrò má dé ibẹ̀. Wíwọ̀ ti di èèwọ̀. Àwọn olùtọ́jú ní bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ-ọmọ kò ní bá nǹkan kan. Àwọn Sisters ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ-ọmọ yóò bá ni òkú aṣọ. Ní 2018 tí Te Papa ṣe àfihàn iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà lódindi, àti ní 2019 tí ó lọ sí Auckland Art Gallery, àwọn fúnra wọn ló jókòó sídìí bí wọn yóò ṣe tò ó, wọ́n sì fi ara, orin àti ijó jí i.

Ọdún 2019 yẹn kan náà ni Brooklyn Museum ní New York gbé ẹ̀kú eégún kan kalẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò. Aṣọ tó lé ní 300 ló wà lára rẹ̀, ilé rẹ̀ sì ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti rí ẹ̀kú tó ń yí lójú agbo rí, tó wá rí i níbi tó dúró sójú kan, mọ ohun tí àwọn obìnrin Auckland ń sọ láìjẹ́ pé a túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn obìnrin tó gba ẹ̀bùn ní Venice ńkọ́?

Ẹgbẹ́ míràn nìyẹn, Mata Aho Collective: Bridget Reweti, Erena Baker, Sarah Hudson àti Terri Te Tau. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣe oge, wọn kì í sì í jó. Iṣẹ́ híhun tó tóbi bí ilé ni tiwọn, ohun tí òṣìṣẹ́ ń lò sì ni wọ́n fi ń hun ún: tapólì, bẹ́líìtì tí awakọ̀ fi ń de ẹrù. Takapau ni orúkọ èyí tó gba Kìnnìún Wúrà. Takapau ni ẹní híhun dáadáa tí Māori ń tẹ́ fún ohun ọ̀wọ̀, bíi kí obìnrin bímọ lé e lórí. Bẹ́líìtì ẹrù ni wọ́n fi hun ún, ó sì bo òkè orí àwọn tó ń wọlé. Wọn kì í ṣe Pacific Sisters, àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ni àwọn yẹn ti ro.

Kí ló lè bọ́ sọnù?

Owó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Nike kó ṣòkòtò eré ìdárayá obìnrin kúrò lórí igbá lẹ́yìn tí àwọn ará Samoa figbe ta: ọnà pe'a ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, fínfín ara tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, tí ọkùnrin ń fi ẹ̀jẹ̀ àti ìrora gbà. Ti obìnrin wà lọ́tọ̀, malu ni. Ní 2016, Disney náà kó aṣọ ọmọdé kan padà, èyí tó jẹ́ awọ ara Maui, akọni ìtàn Pàsífíìkì, pẹ̀lú fínfín ara rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ lè gbé e wọ̀.

Òfin ayé lórí iṣẹ́ ọnà mọ ẹnìkan tó ṣe nǹkan lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì dópin lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kò mọ ọnà tí ìdílé ti ń yà láti irínwó ọdún. Lọ́dún 1991, àwọn Māori mẹ́fà gbé ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wai 262 lọ síwájú ìgbìmọ̀ Waitangi, èyí tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àdéhùn 1840, pé kí ìjọba mọ̀ pé ìmọ̀, ọnà, ewé àti ẹranko ilẹ̀ wọn ní olùṣọ́. Ogún ọdún gbáko ni ìdájọ́ fi jáde, ní 2011. Nígbà tó máa jáde, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́fà náà ló kù láyé. Ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ náà gbà, kì í ṣe àṣẹ.

Ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti ń fojú adìrẹ tan oníbàárà jẹ ní owó tó kéré, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà rárá.

Ibo ni nǹkan dé báyìí?

Àbádòfin tí Maipi-Clarke fà ya kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àwọn 112 dìbò takò ó, 11 péré ló fara mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé aṣòfin dá Maipi-Clarke dúró fún ọjọ́ méje nítorí haka yẹn, wọ́n sì dá àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ méjèèjì dúró fún ọjọ́ 21.

Pacific Sisters ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2024, wọ́n wà lára àwọn tí àfihàn ńlá Sydney ní Australia pè. Orí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́mọge ti ń hewú, ọmọ wọn sì ti ń bá wọn jó. Nígbà àfihàn ọdún 2018, wọ́n ṣe olùṣọ́ tuntun fún Te Papa, wọ́n pè é ní "Kaitiaki with a K", kí Cyber Sister má bàa dá nìkan dúró mọ́.

Lọ́dún 1997, téèpù fídíò ara Cyber Sister ni ohun tó jẹ́ tuntun jù nínú ìmúra rẹ̀. Ọmọdé tó bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí mọ ìyẹ́ ẹyẹ, ó mọ ìkarahun, wọ́n ti kọ́ ọ ní harakeke nílé ìwé. Okùn dúdú tó ń dán yẹn ni kò mọ̀, àfi kí ìyá rẹ̀ àgbà sọ fún un.